Ògiri ẹ̀yìnkùlé mi ń yọ síta: báwo ni mo ṣe máa ṣírò agbára omi?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé wa wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ọ̀sà. Mo mọ ògiri búlọ́ọ̀kù kí ilẹ̀ má baà ya wọlé: gíga mítà 2, gígùn mítà 10, nínípọn sẹ̀ǹtímítà 20. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 30 ló wà láàárín òun àti ilẹ̀, a ò tíì dí i. Òjò kún ibẹ̀ bámúbámú. Láàárọ̀ mo ta okùn, orí ògiri ti yọ síta tó ìka méjì! Màsọ́n ní omi ibẹ̀ ò ju ọgbọ̀n àgbá lọ, kò lè ṣe nǹkan kan. Èmi ṣírò rẹ̀: ní mítà 2, kílò 2,000 ló ń tẹ mítà onígun mẹ́rin kan; lọ́nà 20, tọ́ọ̀nù 40. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Tíṣà Ṣábẹ: Ìdajì rẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni 2,000 yẹn wà. Lójú omi lókè, òfo ni. Ẹ mú ti àárín, 1,000, lọ́nà 20: tọ́ọ̀nù 20. Ìyẹn tọ́ọ̀nù 2 lórí mítà gígùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún màsọ́n pé ìbú omi ò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Omi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ àti odindi ọ̀sà Àjàṣẹ́, bí jíjìn wọn bá dọ́gba, bákan náà ni wọ́n ń ti ògiri. Ó máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu lọ́dọọdún.

Ọmọ Ẹnjiníà: Ibi tó ti ń tì í ńkọ́? Ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ ni, sẹ̀ǹtímítà 67. Kílò 2,000 orí mítà kan lọ́nà mítà 0.67 jẹ́ 1,340: agbára tí omi fi fẹ́ dà á wó nìyẹn. Ògiri yín ò lè ju kílò 880 lọ ní mítà kan, àárín rẹ̀ ò sì jìnnà sí etí ìdí rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ: 880 lọ́nà 0.10 jẹ́ 88, òun ni ògiri fi ń dúró. Ẹ wo 88 tó ń bá 1,340 jà! Irin mélòó ló wà níbẹ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Òpó méjì péré, ní igun.

Ọmọ Ẹnjiníà: Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí.

Màsọ́n Kétu: Àwa níbí, omi là ń wá; ẹ̀yin ń sá fún un. Ẹ má lu ihò nísinsìnyí, ẹ má sì dúró níwájú ògiri. Pọ́ǹpù ni kí ẹ fi fa omi náà láti òkè. Èyí tó ti yọ síta yẹn, ẹ wó o. Tí ẹ bá tún un mọ, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, kí irin wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì fi ihò barbacane (ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde) sí ìsàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má da amọ̀ pupa síbẹ̀, ó máa ń di omi mọ́ra. Iyanrìn gbígbẹ náà ń ti ògiri, àmọ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ ló fi ń tì í. Omi ò fi nǹkan kan pamọ́, gbogbo tirẹ̀ ló ń gbé wá.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rán ọmọ lọ yá pọ́ǹpù. Màsọ́n ní òun ń bọ̀ lálẹ́. 88 yẹn ni mo máa kọ́kọ́ fi hàn án.