Odi Sùngbọ́ tàbí Yàrà Sùngbọ́?

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀: ká máa pe Ẹrẹdò, yàrà ńlá àtijọ́ tó yí Ìjẹ̀bú ká, ní "odi Sùngbọ́", ká pe Patrick Darling, òyìnbó tó yà á sórí máàpù láwọn ọdún 1990, ní "awalẹ̀pìtàn", ká sì máa kọ "ọjọ́ orí èédú", ìyẹn ọdún tí ilé àyẹ̀wò kà lára èédú tí wọ́n hú níbẹ̀, fún ọjọ́ orí Ẹrẹdò fúnra rẹ̀.

Èmi ò gba "odi". Mímọ ni wọ́n ń mọ odi, wíwa ni wọ́n wa Ẹrẹdò. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n wa jáde ni wọ́n dà sápá inú tó fi di òkìtì, bí àgbẹ̀ ṣe ń fi erùpẹ̀ poro kọ èbè. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì, ó ń lọ bíi mítà 20 níbi tó ga jù, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kìlómítà 160. "Yàrà Sùngbọ́" ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ fàmì ohùn sí i, àbí wọ́n á kà á sí "yàrá", a ó wá máa wá ibi tí Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Ẹrẹdò, ń sùn sí.

"Awalẹ̀pìtàn" ti wọ ẹnu, ẹ jẹ́ kó dúró. Àmọ́ ẹsẹ̀ ni Darling fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀: ó ń tọ yàrà nínú igbó, ó ń wọ̀n ọ́n, bó ti ṣe sí tàwọn Ẹdó ṣáájú. "Ìtọpa yàrà" ni màá pe ìyẹn.

Ti èédú ló le jù. Èédú tó wà lábẹ́ òkìtì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó da erùpẹ̀ lé e. Èyí tó wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ yàrà, ẹ̀yìn tí wọ́n wa á tán ló bọ́ síbẹ̀. Àárín méjèèjì ni ọdún tá à ń wá wà. Èyí tó bá wá wà nínú òkìtì gan-an, ó lè jẹ́ ti iná àtijọ́ tí wọ́n hú mọ́ erùpẹ̀, kò ṣeé gbára lé. Bó bá tún jẹ́ agbede-inú ìrókò ló jó, ìgbà tí apá igi yẹn hù là ń kà, kì í ṣe ìgbà tí iná jó o. Ó lè fi ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì wá lọ́nà. Èèpo èkùrọ́ jíjó sàn jù, torí kì í pẹ́ lórí igi kó tó gbó. "Ọjọ́ orí èédú" kò burú fún ohun tí ilé àyẹ̀wò bá kà. Fún Ẹrẹdò, "ọdún tí wọ́n wa yàrà" ni kẹ́ ẹ kọ.