Tréníǹgì kátítà: a ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, infẹ́kṣọ̀n ò lọ, kí là ń ṣe tí ò dáa?

Olùkọ́Wọ́ọ̀dù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wa bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kí infẹ́kṣọ̀n wọ àpò ìtọ̀ aláìsàn tó bá wà lórí kátítà, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń ki sínú àpò ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè máa gba ibẹ̀ ṣàn sínú báàgì. Láàárín ọdún kan a ti ṣe tréníǹgì yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ṣe sláìdì, mo fi àwòrán sí i, mo fún wọn ní ìdánwò, gbogbo wọn ló páàsì. Àmọ́ tí n bá dé wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì, báàgì ìtọ̀ kan á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, òmíràn á wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ aláìsàn, rọ́bà ẹ̀ á ti ká, ìtọ̀ ò ráyè ṣàn, màá wá dúró máa wò ó bíi pé n ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá àgbà kan tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́. Wọ́n ki kátítà sí wọn lára kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ abẹ yọrí dáadáa, màmá ti ń jókòó, wọ́n ti ń di nǹkan mú rìn dé ẹnu ọ̀nà, kátítà ṣì wà lára wọn di ọjọ́ kẹsàn-án. Mo bi nọ́ọ̀sì tó wà ní ṣíìfù pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ní bóun ṣe bá a nìyẹn. Ọjọ́ kẹwàá ni ibà mú màmá, ọ̀rọ̀ wọn dàrú, wọn ò dá ọmọ wọn mọ̀ mọ́, kí èsì tó dé kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n yè é o, ọpẹ́ ni, àmọ́ wọn ò rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn ló sì gba máàkì tó pọ̀ jù nínú ìdánwò mi. Kí ni mo ń kọ́ wọn gan-an? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é tó yọrí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Mátírọ̀nùÀgbà:

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Jẹ́ n bi ẹ́ léèrè kan. Nínú sláìdì rẹ, mélòó ló sọ bí wọ́n ṣe ń ki kátítà, mélòó ló sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n yọ ọ́? Lọ kà á. Nígbà tí èmi náà ka tèmi, ẹyọ kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ yíyọ, ẹ̀yìn pátápátá ló sì wà, nígbà tí oorun ti ń kun gbogbo wọn.

Nọ́ọ̀sì lè ki i bó ṣe yẹ kó kì í, kí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní, tó bá ti pẹ́ lára aláìsàn, kòkòrò á ráyè. Lójoojúmọ́ tó bá fi wà níbẹ̀, nínú aláìsàn 100, 3 sí 7 ni kòkòrò á ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìtọ̀ wọn, tó bá fi máa pé ọgbọ̀n ọjọ́, ó ṣòro kó o rí ẹni tí kò ní in. Àwọn kòkòrò yìí á gba ìta rọ́bà wọlé, wọ́n á gba inú ẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fi nǹkan tó ń yọ̀ bo ara wọn bí aṣọ, oògùn ò ní rí wọn mú dáadáa níbẹ̀. Ìyá àgbà yẹn, ọjọ́ ló pa wọ́n lára.

Ohun tá a wá ṣe ni pé láràárọ̀ tí ṣíìfù bá fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ṣíìfù, lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó wà lórí kátítà, ẹni tó ń gbaṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀ lónìí? Kì í ṣe kí ló gbé e débẹ̀ lánàá o, lónìí. Ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ò pọ̀: bí ìtọ̀ ò bá lè jáde fúnra ẹ̀, aláìsàn tí ara ẹ̀ ò yá rárá tí wọ́n ń wọn ìtọ̀ ẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, iṣẹ́ abẹ kan tàbí òmíràn, ẹni tí ọgbẹ́ wà nídìí ẹ̀ tí ìtọ̀ sì ń dà sí i, ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ ti ń lọ tá a kàn fẹ́ kí ara tù ú. Pé aláìsàn ń tọ̀ sára nìkan ò tó. Pé a ò pọ̀ ní wọ́ọ̀dù náà ò tó, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí mo mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń wọni lọ́rùn.

Ohun tó yí gbogbo ẹ̀ padà ni ìwé kan tí àwọn dókítà àgbà fọwọ́ sí, pé tí kò bá ti sí ọ̀kan nínú àwọn ìdí yẹn, kí nọ́ọ̀sì yọ ọ́, kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Kó tó di ìgbà yẹn àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ̀ pé ó yẹ kó kúrò, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Ọwọ́Mímọ́:

Òótọ́ ni màmá sọ, àmọ́ ẹ má fọwọ́ rọ́ kíki sẹ́yìn o. Ìdánwò orí ìwé ò sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Èmi máa ń kó wọn lọ sídìí ère ìkọ́ṣẹ́, ẹnì kan á kì í, ẹnì kejì á mú ìwé tí wọ́n to ìgbésẹ̀ rẹ̀ sí dání á máa wò ó, tó bá ti fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ á ní dúró, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Àwọn tó ti ṣe é fún ọdún mẹ́wàá ń fi ọwọ́ tó ti kan ara aláìsàn mú kátítà. Òmíràn ki i sí ojú ara obìnrin dípò ihò ìtọ̀, ó fà á yọ, ó tún fẹ́ fi ìkan náà kì í! Mo ní rárá, fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀ kó jẹ́ àmì fún ẹ, lọ ja tuntun. Ẹlòmíì ń fẹ́ bàlúùnù, èyí tó wà lórí kátítà tí kì í jẹ́ kó yọ jáde, nígbà tí ìtọ̀ ò tíì jáde, tó bá jẹ́ ọkùnrin ó lè ya á lójú ìtọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn mo tún máa ń tẹ̀ lé wọn dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wíwò lásán, n kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú aláìsàn. Ẹni méjì ló máa ń kì í tá a bá ráyè, ọ̀kan á dá ẹsẹ̀ aláìsàn dúró, á tún máa ṣọ́ ọwọ́ ẹnì kejì. Kátítà tó kéré jù tí ìtọ̀ á ṣì gba inú ẹ̀ jáde dáadáa ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ itan kó má máa já síwá sẹ́yìn.

Ẹ tún sọ fún wọn pé lẹ́yìn tó bá ti wọlé, omi àti ọṣẹ lásán ló tó láti fi fọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ yé fi oògùn apakòkòrò nù ún, ẹ má fi omi fọ inú àpò ìtọ̀ láìnídìí, ẹ má sì máa pààrọ̀ kátítà torí pé ọ̀sẹ̀ pé. Ẹ má já ibi tí rọ́bà àti báàgì ti so pọ̀, ibẹ̀ ni kòkòrò ń dúró dè.

AgbéSítírẹ́ṣà:

Ẹ foríjìn mí, mi ò kì í ṣe nọ́ọ̀sì, èmi ni mò ń gbé aláìsàn lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun. Kò sẹ́ni tó pe àwa sí tréníǹgì rí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbé báàgì yẹn lé ikùn aláìsàn kó má baà fà, àṣé ìtọ̀ á máa padà sínú. Nọ́ọ̀sì kan ló fi hàn mí ní ìṣẹ́jú méjì péré, ó ní kó máa wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ nígbà gbogbo, kó má sì kan ilẹ̀, kí n ní kí wọ́n da ìtọ̀ inú ẹ̀ nù ká tó jáde. Ẹ pe àwa náà, àtàwọn tó ń da ìtọ̀ nù, torí mo rí i tí wọ́n ń fi jọ́ọ̀gì kan ṣoṣo da ti aláìsàn mẹ́fà.

ỌmọLáàbù:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi tiwa kún un. Ìtọ̀ inú báàgì kọ́ lẹ máa kó wá fún wa! Ojú ibi tí wọ́n ṣe sára rọ́bà fún gbígba ìtọ̀ ni kẹ́ ẹ nù, kẹ́ ẹ fi sìríǹjì fà á níbẹ̀. Tí kátítà bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tẹ́ ẹ sì rí i pé infẹ́kṣọ̀n wà, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ tó gba ìtọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò ara rọ́bà lẹ fi ń ránṣẹ́ sí wa.

Ìtọ̀ tó dọ̀tí tàbí tó ń rùn nìkan kì í ṣe infẹ́kṣọ̀n o. Tí ò sí ibà, tí ìsàlẹ̀ ikùn ò ro aláìsàn, tí nǹkan kan ò yí padà lára ẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ a máa rí kòkòrò, dókítà á kọ antibáyótíkì, a ti sọ oògùn dòfo nìyẹn. Aláboyún àtẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ìtọ̀ fún nìkan ló yàtọ̀.

Olùkọ́Wọ́ọ̀dù:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti lọ ka sláìdì mi, mátírọ̀nù. Mọ́kànlélógún ló sọ̀rọ̀ kíki, méjì ló sọ̀rọ̀ yíyọ. Mo ti lọ bá dókítà wa lónìí, ó ní òun fara mọ́ ìwé yẹn, àmọ́ ó bi mí ní nǹkan tí n ò rí dáhùn: tí nọ́ọ̀sì bá yọ ọ́ lálẹ́ tí aláìsàn ò wá rí ìtọ̀ tọ̀ ńkọ́?

Mátírọ̀nùÀgbà:

Ìbéèrè rere ló bi ẹ́, kọ ìdáhùn ẹ̀ sínú ìwé náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń bà jẹ́. Òwúrọ̀ ni tiwa ń yọ ọ́, nígbà tí èèyàn pọ̀ nílẹ̀. A máa kọ wákàtí tó kúrò, a máa fún un lómi, a máa gbé e jókòó tàbí ká mú un lọ sílé ìgbẹ́, kò sẹ́ni tó rọrùn fún láti dùbúlẹ̀ gbalaja kó máa tọ̀. Tó bá fi máa di wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà tí kò tíì tọ̀, nọ́ọ̀sì á fi ẹ̀rọ tó ń wo àpò ìtọ̀ wò ó. Tó bá kún, á fi kátítà kékeré tú u lẹ́ẹ̀kan, á sì yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kò ní fi sílẹ̀ síbẹ̀. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kó pe dókítà, kódà kó jẹ́ òru.