Pátákó ìnasẹ̀ ni mo fara mọ́, kì í ṣe pátákó àjàbọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ Yorùbá tí a ó fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní breakout board, pátákó kékeré tí wọ́n ń jó IC (ègé ẹ̀rọ kékeré oníná tó lẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́) mọ́, kí ọwọ́ lè tó àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ní ká pè é ní pátákó àjàbọ́. Ẹlòmíràn ní pátákó alárinà. Àǹtí wa kan ní ká kúkú kọ ọ́ ní bírékáòtù ká sì sinmi. Ọ̀rọ̀ àǹtí kò burú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gba kọ̀ǹpútà, tí ayárabíàṣá sì jókòó sínú ìwé títí dòní. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ti wà lẹ́nu ọlọ́jà kí akọ̀wé tó gbé tirẹ̀ dé, bírékáòtù ò tíì débẹ̀. Ààyè ṣì wà fún wa.

Àjàbọ́ ni mi ò lè gbà. Ẹni tó dábàá rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, break out, tí wọ́n ń lò fún ẹlẹ́wọ̀n tó sá lọ, kò wo pátákó. Ta ló de IC mọ́lẹ̀ tó fi wá ń jàjàbọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n?

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ẹ mú IC 25Q64, irú èyí tí àwọn tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, mọ̀ dáadáa, torí irú rẹ̀ ni BIOS, ìlànà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń kà bí a bá tàn án, máa ń gbé. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Láti àárín ẹsẹ̀ kan dé àárín ìkejì kò ju mílímítà 1.27 lọ. Ihò breadboard, pátákó oníhò tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò láìjó òjé, fi mílímítà 2.54 jìnnà síra, ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́, nítorí náà IC yẹn ò lè wọ̀ ọ́ láéláé. Bí èèyàn bá sì ní kóun fi ẹnu mítà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, kan ẹsẹ̀ kẹta, ẹnu mítà lè yọ̀ kó so ó pọ̀ mọ́ ìkẹrin, tí í ṣe gíráǹdì, ẹsẹ̀ tí iná ń gbà padà.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi hot air, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, tú IC náà, wọ́n á gbé e lé pátákó kékeré kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Wọ́n á rí i dájú pé àmì róbótó orí IC kọjú sí nọ́ńbà 1, wọ́n á wá fi òjé, tí oníṣẹ́ ń pè ní lẹ́ẹ̀dì, jó ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ojú ọ̀nà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára pátákó ló ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sí etí, níbi tí pín gígùn, irin tó ṣeé kì bọ ihò breadboard, wà. (Púpọ̀ nínú wọn ní ojú méjì, ojú kejì wà fún IC tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, mílímítà 0.65. Ẹni tó bá yí i padà, kó tún nọ́ńbà pín kà o.) Ẹsẹ̀ kìíní ṣì ni ẹsẹ̀ kìíní, gíráǹdì ṣì ni gíráǹdì. Ààyè nìkan ló pọ̀ sí i. Ẹni tó wà níbi tó há, tó wá rí ààyè, ẹsẹ̀ ló ń nà. Oníṣẹ́ náà ti ń sọ pé IC lẹ́sẹ̀ tipẹ́, a ò dá ohun tuntun kankan lé wọn lórí. Pátákó ìnasẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n á ní nasẹ̀ ni kéèyàn jáde lọ gbafẹ́. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń jó òjé lọ́wọ́ ò ní rò pé IC òun ń lọ gbafẹ́.

Alárinà wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni, ibi tí wọ́n fi í sí ni kò tọ́. Alárinà ìgbéyàwó kì í jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Ohun tó bá le, á rọ̀ ọ́ kó tó délé kejì. Pátákó ìnasẹ̀ kì í rọ nǹkan kan. Àmọ́ ẹ wo CH341A, ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ tí wọ́n fi ń kọ BIOS. Fólítì 3.3 ló yẹ ọ̀pọ̀ 25Q64, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú CH341A dúdú máa ń ta fólítì 5 sórí wáyà dátà. IC láptọ́ọ̀pù mìíràn wà tí 1.8 péré ni tirẹ̀. Wọ́n ní pátákó kan tí wọ́n ń fi sáàárín: ó ń sọ iná di 1.8, ó ń rọ fólítì dátà sílẹ̀ bó bá ń lọ, ó sì ń gbé e ga bó bá ń bọ̀. Ìyẹn ni alárinà.

Mítà ló máa là wá níjà. Ẹ yọ iná, ẹ yí mítà sí ibi tó ń dún, ẹ fi ẹnu kan sí ẹsẹ̀ IC, ẹ fi ìkejì sí pín etí pátákó. Bí gbogbo wọn bá dún, ìnasẹ̀ ni. Bí èyí tó yẹ kó dún bá dákẹ́, tí òjé rẹ̀ sì mú dáadáa, nǹkan kan ti dá sí ọ̀rọ̀ láàárín, alárinà ni. BME280, IC tó ń wọn ooru, ọ̀rinrin àti ìfúnpá afẹ́fẹ́, wà lórí oríṣi pátákó méjèèjì lọ́jà, orúkọ kan náà sì ni ọlọ́jà ń pè wọ́n. Ẹni tó bá so èyí tí kò ní alárinà mọ́ fólítì 5 ti sun owó rẹ̀. Tìtorí èyí ni mi ò fi fẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ní ti debugging, wíwá àléébù inú ẹ̀rọ, tí àwọn kan fẹ́ kọ ní pípa kòkòrò: Edison, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ, ti ń pe àléébù ẹ̀rọ ní bug, ìyẹn kòkòrò, lọ́dún 1878, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Àwa ní títọpinpin, ohun tí a sì ń ṣe gan-an nìyẹn nígbà tí a bá ń tẹ̀ lé iná láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ títí a ó fi rí ibi tó ti já.

Ó ku àpótí RS-232, èyí tí wọ́n ń fi sáàárín wáyà tó so ẹ̀rọ méjì pọ̀ láti wo ohun tó ń kọjá, tó ti wà tipẹ́ kí pátákó wọ̀nyí tó gbòde, tí wáyà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní iná tó ń tàn àti ibi tí èèyàn ti lè pa á. Òun náà ń jẹ́ breakout lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò kúkú na ẹsẹ̀ kankan, kò sì ṣe alárinà. Àpótí ìtọpinpin ni màá kọ síwájú tirẹ̀, àyàfi tí ẹnìkan bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.