Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Èèyàn 140 ń bọ̀ ní Áténì fún àpérò, báwo ni ká ṣe to ìgbafẹ́ wọn?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́rin la fẹ́ ṣe ní Áténì, ní Gíríìsì, láti Ọjọ́rú dé Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù September. Aṣojú 120 ló ń bọ̀. 38 nínú wọn ń ti Nàìjíríà àti Benin bọ̀, ìyókù wà ní Yúróòpù. Àwọn ọkọ àti ìyàwó tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ 20. Ẹ̀bá gbàgede Syntagma ni hòtẹ́ẹ̀lì wà. Ohun tí a kọ sílẹ̀ fún ìgbafẹ́ rèé: alẹ́ Ọjọ́rú, ìkíni káàbọ̀, Ọjọ́bọ̀, Delphi (ahoro tẹ́ńpìlì àtijọ́ lórí òkè) láti ọ̀sán, ká padà wá jẹ àsè ńlá lálẹ́, Ẹtì, Acropolis (òkè tí àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ wà láàárín Áténì) láago méjìlá ọ̀sán, ká ti ibẹ̀ lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ ní Sounion (tẹ́ńpìlì àtijọ́ létí òkun), Àbámẹ́ta, erékùṣù Santorini, àlọ àtàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló ti máa dojú rú?

Ará Piraeus:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa Santorini rẹ́. Láti èbúté Piraeus, ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré ń lo bíi wákàtí márùn-ún, èyí tó ń rọra lọ ń lo méje sí mẹ́jọ. Àlọ nìkan nìyẹn o. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ kí ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan, inú ọkọ̀ ló fẹ́ kí ẹ ti ṣe àpérò.

Delphi náà kì í ṣe ìrìn àbọ̀ ọjọ́. Ó tó 180 kìlómítà sí Áténì, bọ́ọ̀sì ńlá á sì lo wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta torí kọ́nà orí òkè tó wà lápá Arachova. Ẹ gbéra láago kan, ẹ débẹ̀ láago mẹ́rin. Ẹ ó gòkè dé tíátà, ẹ ó wo mùsíọ́ọ̀mù, aago mẹ́fà àbọ̀ ti lù. Aago mẹ́sàn-án kọjá kẹ́ ẹ tó rí Áténì, pẹ̀lú òógùn lára. Ẹni tó bá wẹ̀ kó tó wá jẹun, àsè ńlá yẹn ti di sààrì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùṣètò kì í ṣírò ni awakọ̀. Òfin Yúróòpù ni pé tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ lójúmọ́ (wọ́n fàyè gba mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀), ó sì gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí mọ́kànlá kó tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n lè dín kù sí mẹ́sàn-án nígbà díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé aago kan òru ló já yín sílẹ̀ láti ibi àsè, kò lè wá gbé yín láago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bọ́ọ̀sì alẹ́ ní awakọ̀ tiẹ̀.

Kọ́ríńtì ni kí ẹ fi rọ́pò Delphi ní Ọjọ́bọ̀. Ó lé díẹ̀ ní 80 kìlómítà, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Ẹ ó dúró fún ogún ìṣẹ́jú lórí afárá tó kọjá lórí odò tí wọ́n gbẹ́ la ilẹ̀ já, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1893. Ó lé ní kìlómítà mẹ́fà ní gígùn, ó sì tóóró débi pé téèyàn bá bojú wo ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá á dà bí èyí tí wọ́n há mọ́ inú àpótí. Lẹ́yìn náà ẹ ó bọ́ sí ìlú àtijọ́ gan-an. Òpó méje tẹ́ńpìlì Apollo ṣì dúró. Ibi ìtẹ́ ìdájọ́ tó wà láàárín ọjà ni wọ́n ń tọ́ka sí pé wọ́n ti mú Pọ́ọ̀lù wá síwájú Gálíò, Ìṣe orí 18. Àwọn tó ń ti ilé bọ̀ kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀, torí náà ẹ fún un ní wákàtí kan àbọ̀.

Afinimọ̀nà:
Acropolis láago méjìlá ọ̀sán? Rárá o. Kò sí igi, kò sí òrùlé, òkúta funfun ń da oòrùn padà sójú èèyàn, èrò inú àwọn ọkọ̀ arìnrìn-àjò afẹ́ sì ti kún ibẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án. Nígbà tí ooru bá mú jù, bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2023 àti 2024, ìjọba máa ń ti ibẹ̀ láti aago méjìlá sí márùn-ún. September kò gbóná tó July, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ó fi ta tẹ́tẹ́?

Ẹ gbé e sí àárọ̀ Ẹtì, kí ìjókòó àpérò bẹ̀rẹ̀ láago mọ́kànlá. Wọn kì í gbà ju èèyàn 20,000 lọ lójúmọ́, tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sì ní wákàtí tiẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni àyè tí ẹ ní. Láti April 2025, 30 euro ni, torí náà 140 èèyàn jẹ́ 4,200 euro, wọn kì í sì í dá owó padà. Nítorí èyí, ẹ má sanwó kó tó di pé orúkọ ti pé, ẹ má sì dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, torí aago mẹ́jọ ló ń kọ́kọ́ tán. Ẹ ra 70 fún aago mẹ́jọ, 70 fún aago mẹ́sàn-án.

Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, èèyàn 23 tàbí 24 sí ọ̀wọ́ kan, pẹ̀lú afinimọ̀nà kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí wọ́n ń fi sétí. Tí ẹ bá kó 47 sẹ́yìn ẹnì kan, ìdajì wọn kò ní gbọ́ nǹkan kan. Òfin Gíríìsì kò gba kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìjọba máa ṣàlàyé fún ọ̀wọ́ níbẹ̀. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n yín kan bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé tiẹ̀ lábẹ́ Parthenon, tẹ́ńpìlì ńlá tó wà lókè níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ á wá dá a dúró.

Ẹ má ṣe gba bọ́ọ̀sì fún un rárá. Ibùdókọ̀ kan péré ni láti Syntagma sí Akropoli lórí reluwé abẹ́ ilẹ̀, ìlà kejì. Òpópónà Dionysiou Areopagitou tó wà níwájú ẹnu ọ̀nà gúúsù, ẹlẹ́sẹ̀ ló wà fún. Ẹ kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì láago méje àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnu ọ̀nà gúúsù ni kí ẹ gbà wọlé, ti ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ gbà jáde, kí ẹ má baà padà sínú èrò.

Ọ̀rọ̀ bàtà: ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ tún fẹnu sọ ọ́. Wọn kò gba bàtà gogoro láyè. Òkúta mábù tó wà lẹ́nu géètì òkè, ẹsẹ̀ èèyàn ti dán an títí ó fi ń kọ mànà bí àwo tí wọ́n fi òróró nù. Ó ń yọ̀ nígbà tó gbẹ, ká má tíì sọ pé òjò kán sí i. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà ló dáa. Báàgì ńlá, ẹ fi sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti fa igi sí Santorini. Àwọn mẹ́ta ń lo ọ̀pá, ẹnì kan wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Mùsùlùmí tó bíi 15, ọjọ́ Jímọ̀ ni Ẹtì. Oúnjẹ wá ńkọ́?

Afinimọ̀nà:
Ẹ̀rọ agbéniròkè wà lápá àríwá, ti tuntun ni, December 2020 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tí kò lè gun òkè ló wà fún, ẹ sì gbọ́dọ̀ pè wọ́n ṣáájú. Atẹ́gùn líle máa ń dá a dúró, torí náà àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ẹ tún pè. Lókè, ọ̀nà kọnkéré wà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Àwọn tó ń lo ọ̀pá, ẹ má mú wọn gun òkúta Areopagus. Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti wàásù nínú Ìṣe 17, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo Kristẹni tó ń bọ̀ ló sì máa béèrè rẹ̀. Àtẹ̀gùn irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gba ti àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta lè ṣubú.

Alásè Mezé:
Ní ti Jímọ̀: mọ́ṣáláṣí tí ìjọba kọ́ wà ní Votanikos, ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i, kò sì tóbi, èèyàn 350 ló ń gbà. Ní àárín September, oòrùn kì í dé àtàrí ní Áténì títí di nǹkan bí aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi ìsinmi àpérò sí aago méjìlá àbọ̀ sí mẹ́ta, kí ẹ sì gba takisí mẹ́rin sílẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ tẹ́tí o: ní Áténì, ẹni tó bá ní òun fẹ́ souvlaki tàbí gyros (oríṣi ẹran sísun) láìsọ nǹkan míì, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé wá. Ẹ kọ «kotopoulo», ìyẹn adìyẹ, sórí káàdì àwọn Mùsùlùmí. Páídákia jẹ́ egungun ìhà àgùntàn tí wọ́n sun lórí iná èédú, ó ń bá ẹnu wa mu. Ẹja òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, ẹ má fi ṣe oúnjẹ gbogbo tábìlì. Àwo á padà bó ṣe lọ. Ata kò sí nínú oúnjẹ wọn. Ẹ ní kí wọ́n gbé «boukovo» wá, ata gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná díẹ̀, abọ́ kékeré kan sí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ọtí ouzo tó ń funfun bí wàrà tí wọ́n bá bu omi sí i, kì í ṣe wàrà o; ó le tó ògógóró.

Tí wọ́n bá sọ iye owó oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún yín, ẹ bi wọ́n bóyá VAT, ìyẹn owó orí ọjà, wà nínú rẹ̀: 13 nínú ọgọ́rùn-ún lórí oúnjẹ, 24 lórí ọtí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ará ibẹ̀ ń jẹun. Tí ẹ bá fẹ́ aago méje àbọ̀, ilé oúnjẹ á gbà tayọ̀tayọ̀, torí tábìlì ṣófo nígbà náà. Àsè ńlá, ẹ gbé e sí alẹ́ Ẹtì: Mùsíọ́ọ̀mù Acropolis ń ṣí di aago mẹ́wàá alẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ilé oúnjẹ tó wà ní àjà kejì rẹ̀ sì ń dojú kọ òkè náà. Wọn kò lè gba 140 láìsí àdéhùn tó ti pẹ́, ẹ tètè kọ̀wé.

Arìnrìn-àjò Ìgbà:
Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ yíyọ Delphi pátápátá. Àwọn tó ń ti Yúróòpù bọ̀ ti rí Kọ́ríńtì rí nínú ìwé. Delphi ló ń mú wọn wá.

Ará Piraeus:
Ẹ̀gbọ́n, a ò yọ ọ́ o, a sún un ni. Ọjọ́ Àìkú, ẹni tó bá fẹ́ sanwó rẹ̀, bọ́ọ̀sì kan, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìpè físà. Bí ìwé bá sọ pé Àbámẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ parí, kí lẹ fẹ́ sọ pé ẹnì kan ń ṣe títí Ajé?

Ọmọ Kypseli:
Lórí físà Schengen (èyí tí wọ́n fi ń wọ Gíríìsì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù) fún àwọn 38 yẹn: wọ́n lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ó pẹ́ tán, kó jẹ́ ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò. 90 euro ni owó rẹ̀ láti June 2024, ìwé adójútòfò ìrìnàjò gbọ́dọ̀ tó 30,000 euro. Ẹ kọ ẹni tó ń sanwó hòtẹ́ẹ̀lì sínú ìwé ìpè ní kedere.

Owó kan wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ lórí káńtà hòtẹ́ẹ̀lì: owó orí ojú ọjọ́ tí ìjọba ń gbà lórí yàrá kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti 2025, láàárín April sí October, ìràwọ̀ mẹ́ta ń san 5 euro, mẹ́rin ń san 10, márùn-ún ń san 15. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí nínú iye tí wọ́n kọ ránṣẹ́. Òru mẹ́rin ní ìràwọ̀ mẹ́rin jẹ́ 40 euro lórí yàrá kan. Ẹ sọ fún wọn láti ilé.

Reluwé láti pápákọ̀ òfurufú sí Syntagma jẹ́ 9 euro, bíi ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá balẹ̀ lóru, bọ́ọ̀sì X95 kì í sùn.

Àwọn ọmọ wa á sì béèrè Sepolia, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ibẹ̀, ní àdúgbò kan ní Áténì, ni Giannis, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ti dàgbà, ìlà kejì náà ló ń lọ síbẹ̀. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ náà. Torí pé «nt» ni àwọn ará Gíríìsì fi ń kọ ohùn «d», «mp» fún «b», ló ṣe di Antetokounmpo. Ìrọ̀lẹ́ kan tó ṣí sílẹ̀ ti tó, kò gba bọ́ọ̀sì.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀:
Àbámẹ́ta wá ńkọ́? Erékùṣù kan ni wọ́n ṣì ń fẹ́.

Ará Piraeus:
Aegina. Ọkọ̀ tó ń fò lórí omi ń lo ogójì ìṣẹ́jú, èyí tó tóbi ń lo wákàtí kan lé díẹ̀. Fún 140, ti ńlá ni kí ẹ gbà, torí kékeré kì í lọ nígbà tí ìjì bá dé. Géètì E8 ni ní Piraeus. Ìlà kẹta reluwé ń lọ tààrà láti Syntagma. Ẹ gba bọ́ọ̀sì mẹ́ta sílẹ̀ ní erékùṣù fún tẹ́ńpìlì Aphaia, kí ẹ padà wá jẹ ẹja ní etí omi, kí wọ́n ra pistachio lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá èbúté. Bí ìjì bá le, àwọn aláṣẹ èbúté á fòfin de ìrìnnà, wọ́n ń pè é ní «apagoreftiko», ẹ̀bẹ̀ kò sì ràn án. Ẹ fi sínú àdéhùn pé owó á padà tàbí ọjọ́ á yí. Ẹ fi Sounion pa mọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: bíi 70 kìlómítà lójú ọ̀nà, ilẹ̀kùn ń tì nígbà tí oòrùn bá wọ̀, nǹkan bí aago méje àbọ̀ lákòókò yẹn. Kí bọ́ọ̀sì kúrò ní Syntagma láago mẹ́rin àbọ̀, kì í ṣe márùn-ún àbọ̀, torí ọ̀nà etí òkun lápá Glyfada máa ń dí ní Àbámẹ́ta.