Báwo lẹ ṣe ń fi àkọsílẹ̀ Moodle, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí ayélujára, mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jó àjórẹ̀yìn?

Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún kìíní tí kò bá wọ Moodle fún ọjọ́ 7 là ń pè, kí ìdánwò tó ká a mọ́. Àmọ́ òǹkà yìí ń tàn wá gan-an: ẹni tó gba PDF ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí owó dátà, ń kàwé dáadáa, àkọsílẹ̀ á ní kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ àṣetiléwá àkọ́kọ́ tí kò dé lásìkò ló jọ àmì tó dájú jù. Ìwé ìfọwọ́sí kíláàsì ńkọ́, níbi tí ọ̀rẹ́ ti ń bá ọ̀rẹ́ fọwọ́ sí i? Ìwọ̀n wo lẹ ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn àmì yìí, ọ̀sẹ̀ kelòó lẹ sì ń pe ọmọ náà?