Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ àròkọ, ibo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìyàrà
Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ gbà mí kí n tó ya wèrè. Mo fẹ́ gba sìkọ́láṣíìpù kan, wọ́n ní kí n kọ àròkọ tí kò ju ẹgbẹ̀rún kan ọ̀rọ̀ lọ lórí ìṣòro kan ládùúgbò mi àti ohun tí mo máa ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ omi ni mo mú. Láti ọjọ́ Ajé, orí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni mo ṣì wà. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́. Ẹ sọ bí ẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín fún mi, láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti gba àkòrí títí tẹ́ ẹ fi máa fi ránṣẹ́. Ẹ má sọ pé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìfáàrà o. Ìfáàrà gan-an ló ń bá mi jà.

Yàgbà Gidi
Bẹ̀rẹ̀ láti ìparí.

Ọmọ Ìyàrà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàlàyé díẹ̀.

Yàgbà Gidi
Mo ti ṣàlàyé.

Tísà Àná
Ọmọ mi, má dá a lóhùn. Ìlapa èrò ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo yín, ẹ ò lè máa kọ ebè sórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ ò tíì pa. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín. Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì nínú WAEC, máàkì 50 ni. Kókó ọ̀rọ̀ gba 10, ètò gba 10, ìlò èdè gba 20, àìṣàṣìṣe gba 10, níbi tó jẹ́ pé àṣìṣe kan á gé ìdajì máàkì kúrò. Kókó àti ètò, 20 nìyẹn, orí ìlapa èrò lèèyàn ti ń fi ọwọ́ bà á kó tó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n ní ká lò sídìí rẹ̀, kó má sì dín ní ọ̀rọ̀ 450. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì pé kí wọ́n fi 10 lápa èrò, kí wọ́n fi 35 kọ ọ́, kí wọ́n fi 5 tó kù kà á. Àwọn tó gbọ́ràn, wọ́n mọ ibi tó gbé wọn dé.

Ọmọge Lọ́kọ́ja
Sà, ẹ má bínú o. Èmi, lẹ́yìn tí mo bá kọ àròkọ tán ni mo máa ń padà lọ kọ ìlapa èrò sókè, kí tísà má baà nà mí.

Ìyá Ìbejì Kábà
Háà! Mo rò pé èmi nìkan ni.

Bọ̀dá Kajú
Gbogbo kíláàsì wa ni. A máa ń fi àlàfo sílẹ̀ lókè ìwé ni.

Tísà Àná
Ṣé ẹ rò pé a ò mọ̀? Ìlapa èrò tó bá bá àròkọ mu láìyẹ̀ síbì kan, mo ti mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ti wá. Ojúlówó ìlapa èrò máa ń dọ̀tí. Wọ́n á ti fa igi lé méjì nínú ẹ̀, ọfà á máa lọ láti ìsàlẹ̀ sókè.

Ará Bùnú
Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn tó ń kọ ọ́ lẹ́yìn. Nígbà tí mo ń ṣe máásítà, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi dá orí kan padà fún mi. Kò kọ nǹkan kan sí i. Ó ní kí n lọ mú pẹ́ńsù, kí n kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ìpínrọ̀ yẹn ń sọ. Inú bí mi, mo rò pé ó kàn ń fi mí ṣeré ni. Nígbà tí mo dé ìpínrọ̀ karùn-ún, gbólóhùn tí mo fẹ́ kọ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Mo dé ìkẹjọ, mi ò rí nǹkan kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìpínrọ̀ náà gùn, ó dùn ún kà, kò sì sọ nǹkan kan. Ojúewé 14 ló di 9 lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, ìlapa èrò lẹ́yìn àròkọ kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ní gbogbo ìgbà, sà.

Tísà Àná
Ti ìwọ yàtọ̀. Tiwọn, ẹgba ni wọ́n ń sá fún.

Bọ̀dá Kajú
Páálí ni tèmi. Mo máa ń gé páálí ọṣẹ wẹ́wẹ́, kókó kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èrò bá ṣe ń wá ni mo ń kọ ọ́, mi ò ní bìkítà bóyá ó dáa. Tó bá yá, màá tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀, màá máa tò wọ́n bí ìyá alátà ṣe ń to tòmátì: èyí tó dáa lọ síwájú, èyí tó rọ̀ lọ sábẹ́.

Ní ọdún kan, àkókò kajú ni, mo ti to páálí 11 fún àròkọ kan tí mo fẹ́ fi wáṣẹ́. Mo ní kí n lọ sóko lọ ṣa kajú díẹ̀ kí oòrùn tó le. Nígbà tí mo fi máa dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbálẹ̀, ó ti da páálí mọ́ ewé gbígbẹ, ó ti finá sí i. Ọmọ dáadáa, a kì í rán an kó tó gbálẹ̀. Mo jókòó, mo ní kí n tún wọn kọ. Márùn-ún péré ni mo rántí. Márùn-ún yẹn ni mo fi kọ ọ́, mi ò tíì kọ nǹkan tó já gaara bẹ́ẹ̀ rí. Látìgbà náà, tí mo bá ti to páálí tán, màá yí wọn dojú bolẹ̀, màá lọ jẹun. Èyí tí mi ò bá rántí lẹ́yìn oúnjẹ, kò ní wọlé.

Ọmọge Lọ́kọ́ja
Ẹ kàn ní ká máa dáná sun iṣẹ́ wa ni.

Ìyá Ìbejì Kábà
Mi ò gbà. Ohun tí mo máa ń gbàgbé ló máa ń dáa jù. Ṣebí ìdí tí a fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ nìyẹn.

Ará Bùnú
Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan wà, Niklas Luhmann, bí Bọ̀dá Kajú ṣe ń ṣe yìí lòun náà ń ṣe. Orí káàdì ló ń kọ èrò rẹ̀ sí, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kó lè mọ èyí tó bá èkejì tan. Nígbà tó kú ní 1998, nǹkan bí 90,000 ló fi sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kábà
90,000! Ta ló ń bá a gbálẹ̀?

Bọ̀dá Kajú
Kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi 😂

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun
Kí ló dé tí ẹ ò ní kó jẹ́ kí AI bá a kọ àrokò náà? Ìṣẹ́jú méjì.

Tísà Àná
Àròkọ, kì í ṣe àrokò. Àrokò ni èyí tí wọ́n ń fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti aṣọ ránṣẹ́ láyé àtijọ́. Àmì ohùn ṣe pàtàkì.

Ará Bùnú
Sà, ẹ wò ó, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Wọ́n á so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ: ẹ̀jọ, èrò wa jọ. Tí wọ́n bá so méjì kojú síra, ó yàtọ̀ sí kí wọ́n so wọ́n kẹ̀yìn síra. Ètò nìyẹn. Ohun kan náà tẹ́ ẹ fún ní máàkì 10.

Ọmọge Lọ́kọ́ja
Kí Ọmọ Ìyàrà so mẹ́fà ránṣẹ́ sáwọn tó ń fúnni lówó, kó lọ sùn.

Ọmọ Ìyàrà
Mo ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta owó ẹyọ báyìí.
Ní ti AI, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì la jọ dán an wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbólóhùn tó fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti fi bẹ̀rẹ̀, bí ìbẹta ni. «Omi ni ìyè.» Ta ni ò mọ̀?

Dákẹ́jẹ́ẹ́
Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, èmi náà kọ irú àròkọ yìí. Tèmi, ọ̀nà tó bàjẹ́ ni. Mo lápa èrò bí Tísà ṣe wí: ipa rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé, ipa rẹ̀ lórí ìlera, ipa rẹ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́. Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀, ẹ ò lè gbé e. Mo wálé lópin ọ̀sẹ̀, iná ò sí, mo jókòó ti ìyá mi níta, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n ní kí ni mo ń kọ tí mo fi ń káwọ́ lérí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n ní, «Ọ̀nà wo?» Mo ní gbogbo ọ̀nà wa ni. Wọ́n ní, «Ta ló gba ibẹ̀?» Mo ní gbogbo èèyàn. Wọn ò gbójú sókè, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ, wọ́n ń da èèpo sápá kan. Wọ́n ní, «Gbogbo èèyàn ò gbọ̀nà rí. Ẹnì kan ló máa ń gbọ̀nà. Ìgbà tí èmi pẹ̀lú ẹ gba ibẹ̀ ńkọ́?»

Mo ti gbàgbé. Mo wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ há sínú kòtò, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ tì í. Bí wọ́n ṣe ń tì í, kẹ́ẹ̀gì epo ìyá mi já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, ó bẹ́. Epo ń ṣàn nínú omi òjò, ó pupa. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ bù ú padà sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn èèyàn ń sọ fún wọn pé ó ti dọ̀tí. Owó ilé ìwé mi ló wà nínú epo yẹn. Wọ́n ní, «O ò wá fi epo yẹn sínú ẹ̀?»

Mo fa ìwé yẹn ya. Epo yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlapa èrò mi kò sọnù o, ọrọ̀ ajé àti ètò ẹ̀kọ́ ṣì wà níbẹ̀, inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni wọ́n wà.

Mi ò gba sìkọ́láṣíìpù náà. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún. Ṣùgbọ́n títí dòní, mi ò kì í kọ nǹkan kan kí n tó sọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kábà
Ẹ ti mú kí n sunkún nínú ọjà.

Ọmọ Ìyàrà
Bọ̀dá Dákẹ́jẹ́ẹ́, màmá ńkọ́?

Dákẹ́jẹ́ẹ́
Wọ́n ti sinmi, 2019. Fóònù ni mo máa ń gba ohùn mi sí báyìí. Ṣùgbọ́n fóònù kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn.

Tísà Àná
Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Olùkọ́ ni ìyá yín.

Bọ̀dá Kajú
Ọ̀nà wo nìyẹn gan-an? Ọ̀bájànà sí Kábà ni àbí?

Ọmọge Lọ́kọ́ja
Ìyẹn kọ́. Ìyẹn ni wọ́n ti fi kọnkéré ṣe báyìí, kìlómítà 43.

Bọ̀dá Kajú
Kí wọ́n tó ṣe é ni mò ń sọ. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ojú wa rí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kábà
Ó lè jẹ́ ọ̀nà Mọ̀pà sí Ìsánlú. Elépo ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Dákẹ́jẹ́ẹ́
Mi ò ní sọ.

Yàgbà Gidi
Ó dáa kẹ́ ẹ má sọ. Èmi náà ní ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ní JSS 2, mo kọ àròkọ aṣàpèjúwe lórí oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù, ní Yorùbá. Mo kọ orúkọ nǹkan kan bí ìyá mi ṣe ń pè é. Tísà, kì í ṣe ará ibí, fi bírò pupa yí i ká, ó kọ «Kí nìyí?» sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó kà á sókè fún gbogbo kíláàsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé tiwọn nìyẹn.

Ọmọge Lọ́kọ́ja
Ọ̀rọ̀ wo ni? Ẹ jọ̀ọ́.

Yàgbà Gidi
Tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa mọ abúlé wa.

Tísà Àná
Kó kà á sókè kò dáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdánwò ni, èmi náà á fa ìlà sí i. Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n ní ká fi kọ ọ́.

Ará Bùnú
Kí ẹnì kan nínú ìtàn sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀ ńkọ́, sà? Tí ìyá rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀?

Tísà Àná
Kó fi àmì àyọlò sí i. Ìyẹn, mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Yàgbà Gidi
Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi pẹ́ jù, sà.

Ọmọ Ìyàrà
Ẹ̀yin ará mi, mo ti dé láti ilé ìyá àgbà tó wà lójúlé kejì. Mo sọ àròkọ mi fún wọn. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé omi ni ìṣòro wa, pé omi wà, kọ́kọ́rọ́ kànga ẹlẹ́rọ náà ni kò sí, pé ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo jókòó síbẹ̀ bí òmùgọ̀. Ohun tí mo kọ rèé: «Aago mẹ́rin àárọ̀ ni ìyá àgbà máa ń gbé garawa lọ sẹ́nu kànga, kì í ṣe torí kó lè pọn omi, torí kó lè rí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.» Ṣé ó lọ?

Bọ̀dá Kajú
Ó lọ! Kọ ọ́ sórí páálí.

Tísà Àná
Aago mẹ́rin, ìdájí ni, kì í ṣe àárọ̀. Ìlapa èrò dà?

Ọmọ Ìyàrà
Màá kọ ọ́ lẹ́yìn, sà 🙈

Ìyá Ìbejì Kábà
Ọ̀nà Ìyàmoyè ni. Mo ti rò ó. Kẹ́ ẹ sọ pé mo parọ́.