Ọgbẹ́ etí àbúrò mi ò jinná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tóyè: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú mi ló bàjẹ́. Ọgbẹ́ kan wà létí àbúrò mi ọkùnrin, ó kọ̀ kò jinná, mo ti ra oríṣi ìpara mẹ́ta ní kẹ́míìsì, tó bá gbẹ lónìí á tún máa ṣẹ̀jẹ̀ lọ́la. Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyàwó ẹ̀, kò bá a fọ ọgbẹ́ yẹn rí, ó ní ó ń rí òun lára, àwọn ará ilé ẹ̀ sì ń sọ kiri pé nǹkan kan wà nídìí ẹbí wa. Èmi tí mo sanwó ilé wọn lọ́dún tó kọjá! Ẹnìkan wá sọ fún mi lọ́jà pé oòrùn ló fà á, pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ṣé oòrùn ń fún èèyàn dúdú ní jẹjẹrẹ ni?

Bàbá Àdúnní: Àrùn òyìnbó nìyẹn. Bàbá mi roko ní Ìṣẹ́yìn títí wọ́n fi lé lọ́gọ́rin ọdún, ara wọn ń dán ni. Ẹ lọ yẹ ṣúgà ẹ̀ wò.

Ṣadé: Àtọ̀gbẹ ni o! Bí ti màmá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹsẹ̀ ni tiwọn, ká tó mọ̀, wọ́n ti gé ìka kan.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi: Bàbá Àdúnní, ẹ rọra. Èèyàn dúdú náà ń ní jẹjẹrẹ awọ ara. Bob Marley tó kú ní 1981, ẹni ọdún 36, abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò sì kan oòrùn. Àmọ́ dúdú ara wa ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn gan-an, ìdí tí mo fi ń bi yín nìyẹn: ó tó oṣù mélòó? Ṣé àfín ni?

Ìyá Tóyè: Wọ́n ti yẹ ṣúgà wò, kò ní. Ẹni ọdún 31 péré ni. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi: Ìyá Tóyè, ṣé àfín ni?

Ìyá Tóyè: Àfín ni. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ torí ìsọkúsọ, pé kì í jẹyọ̀, pé òrìṣà ló ni í. Ó ń ta káàdì ní gáréèjì láti bí ọdún mẹ́jọ, ṣùgbọ́n abẹ́ agboòrùn ló ń jókòó.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn! Mẹ́lánììnì, èròjà tó ń mú kí awọ dúdú, tó ń bo àwa yòókù, àfín ò ní in tó. Etí, ètè, ẹ̀yìn ọrùn, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń bá wọn jà. Agboòrùn nìkan ò tó, ìtànṣán ń ta padà láti ilẹ̀. Tí wọ́n bá tètè gé e nígbà tó kéré, ó máa ń tán síbẹ̀, tó bá ti dé kókó ọrùn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Àfín lèmi náà. Egbò ètè ló pa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òróró àdúrà la fi ń pa á fún ọdún kan gbáko. Apá gígùn ni mò ń wọ̀, fìlà etí gbòòrò, sunscreen, ìpara tó ń dènà oòrùn, SPF 30 sókè, mo máa ń tún un fi ní wákàtí méjì-méjì. Ó wọ́n, kí n tó ra oúnjẹ ni mo ti ń rà á.

Bàbá Àdúnní: Ẹ má fi ẹ̀bi lé àdúrà lórí.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní àrùn òyìnbó ni.

Ìyá Tóyè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jà. Wọ́n ti gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá. Ìwé èsì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ squamous cell carcinoma síbẹ̀, wọ́n ní ká wá ṣiṣẹ́ abẹ. Owó iṣẹ́ abẹ yẹn ni mo fi sanwó ilé, lanlọ́ọ̀dù fẹ́ kó ẹrù wọn síta. Mo sọ fún un pé èsì ò tíì jáde. Kókó kan ti wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ báyìí, ó tó kóró àgbálùmọ̀.

Ṣadé: Háà! Ìyàwó tẹ́ ẹ ń bú, ṣé ó mọ̀?

Ìyá Tóyè: Kò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi: Mi ò ní bú yín. Squamous cell carcinoma tí wọ́n kọ yẹn, jẹjẹrẹ awọ ara ni. Ẹ mú ìwé yẹn dání, kẹ́ ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn lọ́la, ẹ fi kókó yẹn hàn wọ́n. Ẹ sọ fún tọkọtaya lálẹ́ yìí.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ìbàdàn ni mo wà. Aago méje àárọ̀, màá ti wà lẹ́nu géètì.

Ìyá Tóyè: Mo pè é, ìyàwó ẹ̀ ló gbé fóònù. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí, mò ń bọ̀.